Ìjàpá méjì nínú táǹkì kan: ṣé eré ni, àbí ìjà?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń sin ìjàpá omi máa ń béèrè lemọ́lemọ́: "Àwọn méjèèjì jọ dàgbà ni. Kékeré ni wọ́n wà nígbà tí mo rà wọ́n, inú táǹkì kan náà ni wọ́n sì ti ń gbé fún ọdún mẹ́ta. Kí ló wá dé tí ọ̀kan fi ń gé èkejì jẹ báyìí?" Ẹni tó ń béèrè á ti wo inú omi títí, á ti rò ó pé bóyá ebi ni, bóyá àìsàn ni, bóyá eré lásán ni. Àwọn mìíràn á tiẹ̀ ya fídíò rẹ̀, wọ́n á fi han ọ̀rẹ́, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, torí pé lójú ẹni tí kò mọ̀, ó jọ pé ọ̀kan ń fọwọ́ pa èkejì lẹ́rẹ̀kẹ́. Èmi náà ti wò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí mo pè ní ìfẹ́ nígbà náà, ìhalẹ̀ ni. Ìgbà tí ṣóńṣó ìrù èyí tó kéré já ni mo tó mọ̀.

Ibi tó yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀ ni pé ìjàpá omi kì í ṣe ẹranko ẹgbẹ́. Kì í rìn lọ́wọ̀ọ́ bí àgùntàn, kì í sì í tọ́ ọmọ bí adìyẹ. Abo á gbẹ́ ilẹ̀, á yé ẹyin sí i, á wa erùpẹ̀ bò ó, á sì bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ tí ọmọ bá ti jáde nínú ẹyin ló ti dá wà. Nínú àlọ́, Ìjàpá ní Yánníbo ìyàwó rẹ̀, ó ní àna, ó sì ní ọ̀rẹ́ tó ń bá a rìnrìn àjò. Èyí tó wà nínú táǹkì yín kò ní ọ̀kankan nínú wọn, kò sì wá wọn. Bó bá rí ìjàpá mìíràn, ẹni tó fẹ́ bá a du oúnjẹ ló rí, tàbí ẹni tó fẹ́ bá a du ibi tí ooru wà, tàbí ẹni tó ṣeé gùn.

Ẹ lè sọ pé ẹ ti rí wọn tí mẹ́wàá jọ tò sórí igi kan létí odò. Òótọ́ ni. Igi yẹn ló mú wọn wá, kì í ṣe ara wọn. Oòrùn ni wọ́n ń wá, igi tó yọ sókè kò sì pọ̀, ni wọ́n ṣe ń gun ara wọn lórí. Bí ẹ bá fara balẹ̀ wò wọ́n, ẹ máa rí èyí tó la ẹnu sí ẹnì kejì rẹ̀, ẹ máa rí èyí tí wọ́n tì ṣubú sínú omi. Ohun tó ń kó wọn yọ ni pé odò gbòòrò. Èyí tí wọ́n borí á bọ́ sómi, kí ẹ tó ṣẹ́jú ó ti lọ, ìjà sì parí síbẹ̀. Nínú táǹkì, èyí tó ń sá á fi orí kan gíláàsì, á yí padà, á sì tún bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń lé e. Ìjà tí kò ní ibi tó lè parí sí ni. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbòǹgbò gbogbo wàhálà yìí wà, ju pé ọ̀kan nínú wọn "burú" lọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀?

Torí pé ọmọdé ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú irú tí wọ́n ń pè ní red-eared slider, èyí tí ìlà pupa wà lẹ́yìn ojú rẹ̀ méjèèjì, torí òun ló wọ́pọ̀ jù nínú ilé káàkiri ayé. Akọ rẹ̀ máa ń bàlágà nígbà tí gígùn igbá ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, láàárín ọdún 2 sí 5. Abo máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Á ti tó sẹ̀ǹtímítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gbó. Ṣáájú àkókò yìí, ọmọ méjì lè jọ wà láìsí ariwo. Tí ara bá ti gbó, akọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá abo, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé akọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Táǹkì tó fẹ̀ fún wọn nígbà tí wọn kò ju àtàǹpàkò lọ kò sì bá wọn dàgbà.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ olówó ìjàpá kò gbọ́ rí. Ìgbóná ibi tí ẹyin wà ló ń pinnu bóyá akọ tàbí abo ni ọmọ máa jẹ́. Ní ti red-eared slider, ẹyin tó bá wà níbi tí ìgbóná rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 26 °C máa ń di akọ, èyí tó bá wà ní 31 °C máa ń di abo. Ọmọ méjì tí ẹyin wọn jọ wà lójú kan náà lè tipa bẹ́ẹ̀ jẹ́ akọ méjèèjì, ẹni tó rà wọ́n kò sì ní mọ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Akọ méjì nínú táǹkì kan ló sì le jù nínú gbogbo rẹ̀. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan.

Láti mọ èyí tí ẹ ní, ẹ wo ìrù àti èékánná ọwọ́. Ìrù akọ gùn, ìdí rẹ̀ nípọn, ihò ìdí rẹ̀ sì yọ kọjá etí igbá ẹ̀yìn. Ti abo kúrú, ihò náà sì súnmọ́ ara. Èékánná ọwọ́ akọ red-eared slider máa ń gùn gan-an, bẹ́ẹ̀ abo ló máa ń tóbi jù lápapọ̀. Kí igbá ẹ̀yìn tó tó sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín lórí èyí.

Ohun tí ojú rí àti ohun tó túmọ̀ sí

Ibí yìí ni ìdàrúdàpọ̀ pọ̀ sí jù, torí pé ìṣe kan náà lè ní ìtumọ̀ méjì.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ ọwọ́ gbígbọ̀n. Ọ̀kan á dojú kọ èkejì, á na ọwọ́ méjèèjì síwájú, á sì máa gbọn èékánná rẹ̀ kíákíá lẹ́bàá ojú èkejì. Bí akọ ṣe ń kọ ẹnu ìfẹ́ sí abo nìyẹn. Ṣùgbọ́n akọ máa ń ṣe é sí akọ, láti fi hàn pé òun ni ọ̀gá. Àwọn ọmọdé tí kò tíì bàlágà náà máa ń ṣe é, kódà abo máa ń ṣe é nígbà mìíràn. Nítorí náà, ọwọ́ gbígbọ̀n fúnra rẹ̀ kò sọ ohun tó pọ̀ fún yín. Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Bí èkejì bá di ojú, tó dúró, tàbí tó yà lọ tí eléyìí sì fi í sílẹ̀, kò sí nǹkan kan. Bí èkejì bá sá tí eléyìí sì tẹ̀ lé e, tó sá lọ sí igun kejì tí eléyìí tún bá a débẹ̀, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ìfòòró nìyẹn.

Gígun orí ara wọn lórí pèpéle, ibi gbígbẹ tí wọ́n ń lọ láti yáná, ni èkejì. Àwọn ènìyàn máa ń pè é ní ìdìmọ́ra. Abẹ́ iná gan-an ni ibi tó gbóná jù, ibẹ̀ sì há. Èyí tó wà lókè ló ń rí ìmọ́lẹ̀ àti ooru. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ń gbé ẹrù. Bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ ipò, ẹ gbé ọkàn kúrò níbẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹnì kan náà ló máa ń wà lókè ní gbogbo ìgbà, tàbí pé èyí tó kéré kò lè gun pèpéle láìjẹ́ pé wọ́n tì í padà sómi, ẹ ti rí ìjẹgàba.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, torí ó ń pa ìjàpá láìsí ojú ọgbẹ́ kankan. Ìtànṣán UVB tó ń wá láti inú oòrùn, tàbí láti inú iná tí a ṣe fún un, ni ara ìjàpá fi ń ṣe fítámì D3. Láìsí fítámì yìí, kálíṣíọ́ọ̀mù tó wà nínú oúnjẹ kò ní wúlò fún un, egungun àti igbá ẹ̀yìn rẹ̀ á sì máa rọ̀. Ìjàpá tí wọn kò jẹ́ kó gun pèpéle kò ní gbẹ dáadáa, ara rẹ̀ kò ní gbóná tó láti da oúnjẹ, kò sì ní lágbára tó láti bá àrùn jà. Oṣù mẹ́fà lè kọjá tí ẹ kò rí kí ẹnikẹ́ni gé ẹnikẹ́ni jẹ, síbẹ̀ ọ̀kan ń kú lọ díẹ̀díẹ̀.

Àmì ìnilára tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ọ̀kan máa ń sápamọ́ ṣáá, ó sì máa ń dúró kí èkejì yó kó tó jáde wá jẹun. Òmíràn kì í sọ̀ kalẹ̀ láti orí pèpéle rárá, torí pé inú omi ni ọ̀tá rẹ̀ wà. Àmì tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni ìdàgbàsókè: méjì tó wọ ilé lọ́jọ́ kan náà ní ìwọ̀n kan náà, ọdún kan kọjá, ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èkejì. Lóòótọ́ abo máa ń ju akọ lọ tí wọ́n bá dàgbà, àmọ́ nígbà ọmọdé, ìyàtọ̀ tó tó báyẹn sábà máa ń jẹ́ ti oúnjẹ àti ooru tí ẹnì kan gbà mọ́ èkejì lọ́wọ́. Ẹ máa wọ̀n wọ́n lóṣooṣù, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgénijẹ nídìí oúnjẹ tún yàtọ̀. Ìjàpá kò ní eyín. Ẹnu rẹ̀ tó mú ló fi ń ja nǹkan, á sì fi èékánná ya á. Tí òórùn oúnjẹ bá ti gba inú omi, ohunkóhun tó bá mira níwájú rẹ̀ lè di oúnjẹ: ẹsẹ̀, ìrù, ìpéǹpéjú, ìka yín pàápàá. Kò sí ìkórìíra níbẹ̀, àmọ́ ọgbẹ́ ni ọgbẹ́ ń jẹ́. Bó bá jẹ́ àsìkò oúnjẹ nìkan ló máa ń ṣẹlẹ̀, ẹ máa bọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ gbé ọ̀kan sínú ike omi títí tó fi máa jẹ tán.

Ìjà gidi kò ṣòro dá mọ̀. Ọrùn á nà jáde, ẹnu á là, wọn á máa lé ara wọn yípo táǹkì, èyí tó lágbára á máa gé ọrùn, ìrù tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tàbí kó di etí igbá ẹ̀yìn mú kó má jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ má dúró wo bó ṣe máa parí.

Akọ kan àti abo kan ńkọ́?

Àwọn ènìyàn gbà pé èyí ló bá ìṣẹ̀dá mu jù. Mi ò fara mọ́ ọn. Akọ tó ti bàlágà kì í sinmi. Lójoojúmọ́ ni yóò máa tẹ̀ lé abo, yóò máa gé e jẹ lọ́rùn àti lẹ́sẹ̀ kó lè dúró, yóò sì máa gùn ún nínú omi. Ẹ rántí pé ẹ̀dọ̀fóró ni ìjàpá omi ní, afẹ́fẹ́ ló ń mí, ó sì lè kú sómi bí a kò bá jẹ́ kó yọ orí. Abo tí akọ gùn mọ́lẹ̀ pẹ́ jù wà nínú ewu yẹn. Nínú odò, ìgbà tó bá wù ú ló ń sún mọ́ akọ. Nínú táǹkì, kò ní ibi tó máa gbà lọ. Akọ fúnra rẹ̀ náà kò bọ́: nǹkan ọkùnrin rẹ̀ máa ń yọ síta lásìkò yẹn, ìjàpá mìíràn sì lè rò pé oúnjẹ ni, kó gé e.

Bí abo tó ti ń ṣe jẹ́jẹ́ bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í jà, tó ń fi ọwọ́ họ gíláàsì, tí kò sì jẹun dáadáa, ẹ ronú ẹyin. Abo lè ní ẹyin nínú láìrí akọ rí. Ó nílò ilẹ̀ tó rọ̀, tó jìn tó láti gbẹ́. Bí kò bá rí i, ẹyin lè há sí i nínú, dókítà ẹranko nìkan ló sì lè gbà á là.

Abo mélòó kan nínú adágún tó fẹ̀ ló máa ń rọrùn jù lọ nínú àwọn tó bá gbọ́dọ̀ wà pa pọ̀. Èyí náà kò dá ẹnikẹ́ni lójú títí láé. Ní ti dída irú kan pọ̀ mọ́ irú mìíràn, ẹ má ṣe é. Softshell, tí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ bí awọ, ní ọrùn gígùn tó lè fi gé ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ awọ rẹ̀ kò lè gba èékánná ẹlòmíràn dúró. Musk turtle kéré, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ le. Snapping turtle lè jẹ àwọn yòókù. Àrùn tí irú kan gbé dání tí kò ṣe é ní nǹkan kan tún lè pa irú kejì.

Ṣé táǹkì ńlá kò ní yanjú rẹ̀?

Ó ń dín in kù. Ìṣirò tí àwọn olùsìn sábà ń lò ni nǹkan bíi lítà 40 omi fún sẹ̀ǹtímítà 2.5 gígùn igbá ẹ̀yìn. Ìjàpá kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20 nílò nǹkan bíi lítà 320. Abo red-eared slider máa ń gùn ju ìyẹn lọ, ó lè tó 25 sí 30. Ẹ wá ka ti ẹnì kejì mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ táǹkì inú ilé kò gba ẹnì kan dáadáa, ká má tíì sọ méjì.

Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ jọ wà, ẹ fún wọn ní pèpéle méjì, iná méjì lórí wọn, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì. Ẹ to igi tàbí òkúta ńlá sínú omi lọ́nà tí ẹnì kan fi lè wà lẹ́yìn rẹ̀ tí èkejì kò ní rí i, ṣùgbọ́n kí ó má sí ihò tí èyí tó ń sá lè há sí. Ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi gbọ́dọ̀ lágbára, torí ìgbẹ́ ìjàpá méjì ń ba omi jẹ́ kíákíá, ọgbẹ́ kékeré nínú omi ìdọ̀tí kì í sì í pẹ́ di ńlá. Àlejò tuntun gbọ́dọ̀ dá wà fún oṣù 1 sí 3 kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó gbé àrùn wá. Gbogbo èyí ń ra àkókò ni. Kò yí ìwà wọn padà.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ pín wọn níyà

Ẹ̀jẹ̀ bá ti jáde, ọjọ́ náà gan-an ni. Ẹ má retí pé wọn á "yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn". Bí táǹkì kejì kò bá tíì sí, ike ńlá tó ní omi mímọ́, ibi gbígbẹ kan àti iná lókè tó fún ìgbà díẹ̀. Àwọn kan máa ń fi gíláàsì dá táǹkì sí méjì. Ìṣòro rẹ̀ ni pé wọ́n ṣì ń rí ara wọn, èyí tí wọ́n ń lé ṣì ń gbé nínú ìbẹ̀rù, ẹni tó ń lé sì ń fi orí gbá gíláàsì. Ohun tí ojú kò lè là kọjá ni kí ẹ fi dá a, kó ga ju omi lọ, kí apá kọ̀ọ̀kan sì ní pèpéle àti iná tirẹ̀. Táǹkì méjì dára ju ìyẹn lọ.

Ọgbẹ́ kékeré: ẹ fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́, ẹ fi àyódíìnì irú povidone tí ẹ ti là mọ́ omi títí àwọ̀ rẹ̀ fi fúyẹ́ nu ún, kí ẹ sì jẹ́ kí ìjàpá náà wà níbi gbígbẹ tó móoru fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́. Ẹ máa dá a padà sínú omi mímọ́ tí kò jìn fún bíi wákàtí kan lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, torí inú omi ni ìjàpá omi ti lè gbé oúnjẹ mì. Bó bá jẹ́ ìta ni ẹ ti ń sìn ín, ẹ ṣọ́ eṣinṣin. Ó máa ń yé ẹyin sójú ọgbẹ́. Ẹ má fi oògùn ara ríro tí ènìyàn ń lò fún un.

Ọgbẹ́ tó jìn, ojú tó wú, ìrù tó já, igbá ẹ̀yìn tó sán tàbí tó ń rùn, ọwọ́ dókítà ẹranko ni gbogbo ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjàpá tó ń la ẹnu mí, tí omi ń hó ní imú rẹ̀, tàbí tó ń léfòó tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ga ju èkejì lọ. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló ṣeé ṣe kó ti ní àrùn. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan, nítorí ìjàpá tó dá ṣáṣá pàápàá lè gbé kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní Salmonella lára.

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró ni àánú: wọ́n ní èyí tó bá dá wà á máa ṣàárò. Ẹ̀dùn ọkàn tiwa la fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹ kò bá lè sin méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n sìn dáadáa fún ọ̀kan. Ẹ má jù ú sódò. Red-eared slider wà lára ẹ̀dá 100 tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ìṣẹ̀dá, kà sí èyí tó ń ba àyíká àjèjì jẹ́ jù lọ lágbàáyé, Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ti fòfin de títà àti bíbí rẹ̀ láti ọdún 2016. Ó ń bá àwọn ìjàpá ìbílẹ̀ du oòrùn àti oúnjẹ, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń bá ẹnì kejì rẹ̀ dù ú nínú táǹkì.

Èyí tí wọ́n ti ń ni lára kì í yí padà lọ́jọ́ kan. Tèmi ṣì ń sápamọ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn tí mo pín wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wá jẹun lójú mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo bá a lórí pèpéle, lábẹ́ iná gan-an, ibi tí n kò rí i rí láti ọdún kan. Ó na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì sẹ́yìn, ó la àwọn ìka rẹ̀ gbalasa, ó na ọrùn jáde, ó sì di ojú.